Tọ́ọ̀ṣì UV tí mo rà fún òkúta: àkekèé ló kọ́kọ́ bá mi rí

Ìjerò-Èkìtì ni mò ń gbé, òwò òkúta la sì fi ń jẹun nílé wa. Tọ́ọ̀ṣì UV, èyí tó ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí, tí mo kọ́kọ́ rà kò dáa. 395 ni wọ́n kọ sí i lára (ìwọ̀n ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ní nánómítà nìyẹn), àwọ̀ àlùkò tó ń tú jáde pọ̀ débi pé gbogbo òkúta di aláwọ̀ àlùkò. Èyí tí mò ń sọ yìí ní gílóòbù méjì, 365 àti 254. ₦46,000 ni mo rà á, pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́.

Èmi àti àbúrò mi gbé e lọ sẹ́yìnkùlé lálẹ́. Àfi bí àkekèé kan ṣe tàn yòò lára ògiri! Ibẹ̀ la máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀ o.

Ohun tí mo torí rẹ̀ rà á gan-an ni òkúta willemite kékeré kan tó wá láti Franklin, New Jersey, ní Amẹ́ríkà. Síńkì àti sílíkà ló wà nínú rẹ̀. Lọ́sàn-án, kò yàtọ̀ sí òkúta tí èèyàn lè fi ti ilẹ̀kùn. Mo tan 365 sí i, kò fi bẹ́ẹ̀ dáhùn. Mo tan 254, háà! Ó di àwọ̀ ewé tútù, òkúta kálísáìtì tó yí i ká sì pọ́n bí ẹyin iná. Èròjà máńgánísì díẹ̀ tó wà nínú méjèèjì ló ń jẹ́ kí wọ́n sọ ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò rí di èyí tí a rí. Mo paná, willemite tèmi ṣì ń tàn díẹ̀. Àbúrò mi ní iwin ló ń gbé inú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wa òkúta iyebíye tọ́málíìnì, ẹ má tan ara yín jẹ. Mo tàn án sí tọ́málíìnì àti òkúta lepidolite tí a wà níbí, wọn ò dá mi lóhùn.

Bátìrì tọ́ọ̀ṣì náà kì í pé wákàtí kan. Èyí tó dùn mí jù ni pé wọn ò fi awò ojú sí i, bẹ́ẹ̀ 254 máa ń ṣe ojú àti awọ ara léṣe. Àbúrò mi tẹjú mọ́ gílóòbù náà, ojú rẹ̀ pọ́n dọjọ́ kejì. Gíláàsì lásán sì máa ń dí 254: mo fi òkúta mi sínú ìgò, kò tàn, mo ti fẹ́ bá ẹni tó tà á jà kí n tó mọ̀.

Ìyá mi ti gba tọ́ọ̀ṣì náà báyìí. Apá 365 ló fi ń yẹ owó wò lọ́jà, torí nọ́ńbà dúdú ara náírà máa ń di àwọ̀ ewé lábẹ́ rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ wo willemite mi, àfi kí n dúró dìgbà tí wọ́n bá tọjà dé.