Ghosts I–IV ti Nine Inch Nails: ẹ má gbọ́ ọ tán lẹ́ẹ̀kan

Ẹni tó bá mọ Trent Reznor, olórí ẹgbẹ́ olórin Nine Inch Nails ti Amẹ́ríkà, mọ̀ pé kì í fi ohùn rẹ̀ pamọ́. Láti ọdún 1989 tí àwo àkọ́kọ́ Nine Inch Nails ti jáde ló ti ń fi igbe tú ìbínú àti ìbànújẹ́ rẹ̀ síta, tí gìtá àti ẹ̀rọ ìlù á sì máa lọ gbì-gbì lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí mo gbé àwo wọn tó ń jẹ́ Ghosts I–IV sétí, igbe yẹn ni mo ń retí, igbe ò dé. Orin 36 ló wà níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ orin nínú wọn. Wọn ò tilẹ̀ sọ wọ́n lórúkọ: nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè wọ́n, 1 dé 36, wọ́n sì pín wọn sí apá mẹ́rin, orin 9 ní apá kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 2.

Mo fẹ́ràn àwo yìí gan-an, àmọ́ mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó jókòó gbọ́ ọ tán lẹ́ẹ̀kan. Apá kan, kí ẹ sinmi, kó tó di òmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin náà ò ju ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta lọ, tí wọ́n bá sì ti ń tẹ̀ lé ara wọn láìdúró, ìkan á máa gbé ìkan mì, ẹ ò ní mọ èyí tó wọ̀ yín lára.

Orin kìíní gan-an ló mú mi. Dùùrù ni, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ nínú òkùnkùn. Bí ọwọ́ bá ti tẹ dùùrù, ohùn yẹn á dúró pẹ́, á máa kú lọ, kí òmíràn tó wọlé. Lábẹ́ rẹ̀ ni ohùn kan tó nípọn ń kùn, kò ga, kò sì lọ. Ohùn tó ń kùn yẹn ló gbé ìbànújẹ́ orin náà, ẹnu fóònù ò sì lè gbé e jáde rárá. Ẹ wá íápíìsì tó dáa tàbí sípíkà ńlá. Ẹni tó bá fi fóònù lásán gbọ́ ọ, àbọ̀ orin ló gbọ́.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ rọ̀ o. Àwọn ibì kan wà tí ìlù á dédé bẹ́ wọlé, tí gìtá á ya, tí ẹ̀rọ á máa han gooro. Adrian Belew bá wọn ta gìtá nínú rẹ̀, Brian Viglione sì lu ìlù. Atticus Ross àti Alan Moulder ni Reznor bá ṣiṣẹ́ púpọ̀ jù, ọ̀sẹ̀ 10 ni wọ́n sì fi ṣe é. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni pé wọ́n á kọ́kọ́ ro ibì kan tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ kan lọ́kàn, wọ́n á wá fi ohùn ya àwòrán rẹ̀. Ó hàn nínú iṣẹ́ náà. Olórin ò sọ fún yín pé ohun tó ń dùn mí nìyí. Ibi tó wà ló ṣí sílẹ̀ fún yín, kí ẹ wọlé pẹ̀lú tiyín.

Apá Kìíní àti Apá Kẹrin ni mo máa ń padà sí. Apá Kẹta ni kò fi bẹ́ẹ̀ mú mi. Àwọn orin kan wà níbẹ̀ tó dà bí ìbẹ̀rẹ̀ tí wọn ò parí, wọ́n ń gbóná bọ̀ ni wọ́n dákẹ́. Ṣùgbọ́n orin 34, ní Apá Kẹrin! Okùn bánjò tí wọ́n ń fa lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń dún gbẹrẹfu, tó sì ń wọni ní akínyẹmí ara. Ẹ lè ti gbọ́ ọ láìmọ̀: YoungKio tó jẹ́ ará Netherlands gé e, ó fi ìlù sí i, ohun tí Lil Nas X wá kọ Old Town Road lé lórí nìyẹn, orin tó wà ní ipò kìíní lórí Billboard Hot 100, àtẹ orin tó ń gbayì jù ní Amẹ́ríkà, fún ọ̀sẹ̀ 19 ní ọdún 2019. Ẹ padà wá gbọ́ ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ẹ ó rí i pé ìdùnnú kò sí níbẹ̀ rárá. Orin 14 àti 35 náà, wọ́n tún wọn ṣe fún fíìmù The Social Network, èyí tí orin rẹ̀ gba Oscar ní 2011.

Ní ti owó, mi ò tíì rí àwo tó ṣe báyìí fún olùgbọ́. Oṣù Kẹta ọdún 2008 ló jáde, lẹ́yìn tí Reznor kúrò lábẹ́ ilé-iṣẹ́ agbórinjáde rẹ̀, ó dá gbé e jáde fúnra rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbé Apá Kìíní sílẹ̀. Dọ́là 5 ni ẹni tó fẹ́ dáńlóòdù gbogbo rẹ̀ san nígbà náà, pẹ̀lú ìwé àwòrán olójú-ewé 40. Dọ́là 10 fún sídíì méjì. Dọ́là 75 fún ti inú páálí ńlá. Dọ́là 300 fún àkànṣe tí Reznor fọwọ́ sí, ẹ̀dà 2,500 péré, kò sì pẹ́ tó fi tán. Ìwé àṣẹ Creative Commons tó wà lórí rẹ̀ gbà kí ẹnikẹ́ni pín in, kó sì tún un ṣe, bí kò bá ti tà á, tó sì dárúkọ ẹni tó ni ín. Lójú tèmi, èyí tó wọ́n jù kò pọn dandan. Ti dọ́là 5 yẹn ti tó nígbà náà.

Tí Apá Kẹrin bá wọ̀ yín lára, ẹ tẹ̀ síwájú sí Ghosts V àti VI, tí Reznor àti Ross gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní Oṣù Kẹta 2020. Ìkarùn-ún ń tuni lára. Ìkẹfà wúwo, ó sì ń dẹ́rù bani, òun ni mo fẹ́ràn jù.