Onífọ́tò tó ya èmi àti màmá mi: ohun tí mo rí nídìí iṣẹ́ rẹ̀

Fọ́tò méjì ni mo ń wá. Mo fẹ́ fi ọ̀kan sí ojú ewé iṣẹ́ mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èkejì, èmi àti màmá mi, ara ògiri la fẹ́ gbé e kọ́ sí. Èrò mi ni pé ká ya méjèèjì pọ̀ ní ìjókòó kan, lọ́nà kan náà, kó tán síbẹ̀. Onífọ́tò tí mo wá gbà níkẹyìn ló ní rárá, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kó tó gba owó kankan lọ́wọ́ mi.

Àlàyé rẹ̀ yé mi. Fọ́tò orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, róbótó kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni ló máa ń jẹ́, ojú nìkan lèèyàn ń rí níbẹ̀. Orí dé èjìká ti tó, kí nǹkan kan má dí ẹ̀yìn, kí ojú wo kámẹ́rà. Ti ara ògiri lèèyàn á máa kọjá níwájú rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, nítorí náà ọwọ́, àga àti ibi téèyàn jókòó sí lóhun tí wọ́n ń sọ. Àwọn onífọ́tò kan wà tó jẹ́ pé ibi iṣẹ́ ẹni tàbí ohun èlò ẹni ni wọ́n máa ń yà mọ́ni. Arnold Newman ará Amẹ́ríkà lọ́gàá nídìí ẹ̀: nígbà tó ya Igor Stravinsky, akọrinsílẹ̀ nì, lọ́dún 1946, igun ìsàlẹ̀ ló fi ọkùnrin náà sí, ó jẹ́ kí ọmọrí dùùrù ńlá tó ṣí sókè gba gbogbo ìyókù. Mo fẹ́ràn irú ẹ̀ púpọ̀. Aránṣọ ni màmá mi, mo sì dábàá pé kí wọ́n jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. Wọ́n ní àwọn ò ní í gbé iṣẹ́ kọ́ sára ògiri, iṣẹ́ ti tó àwọn wò látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Kí n tó rí onífọ́tò yìí, mo ti wo ti àwọn mìíràn lórí Instagram títí ojú fi ń ta mí. Gbogbo ẹ̀ ló dáa, ìyẹn gan-an sì ni wàhálà ibẹ̀. Ta ni yóò ya ẹgbẹ̀rún fọ́tò tí kò ní í rí mẹ́wàá tó rẹwà gbé síta? Mo wá ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fi gbogbo fọ́tò tí wọ́n kó fún oníbàárà kan ṣoṣo hàn mí, àtibẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn kan ò tiẹ̀ dá mi lóhùn mọ́. Eléyìí ní òun á kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni fọ́tò. Ìdáhùn yẹn dùn mọ́ mi nínú ju fọ́tò náà lọ.

Mo tún yẹ àwọ̀ ara wò. Mo dúdú, màmá mi sì dúdú jù mí lọ. Tí wọ́n bá ní kí kámẹ́rà dá ìmọ́lẹ̀ wọ̀n fúnra rẹ̀, ó máa ń fẹ́ sọ gbogbo nǹkan di àwọ̀ eérú tó wà láàárín dúdú àti funfun. Tí ògiri ẹ̀yìn bá funfun, ó máa dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú èèyàn dúdú á sì ṣókùnkùn biribiri. Onífọ́tò tó mọṣẹ́ ló ń mọ bó ṣe ń tún un ṣe. (Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀: káàdì tí Kodak fi ń yẹ àwọ̀ fọ́tò wò láyé fíìmù, èyí tí wọ́n ń pè ní Shirley, obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.) Nínú àwọn fọ́tò rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń dán lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn èèyàn dúdú, ara wọn ò sì dà bí eérú.

Tèmi ò pẹ́. Léǹsì 85mm, irú èyí tí wọ́n fi ń ya ojú láti ọ̀ọ́kán, ló lò, ó sì sún sẹ́yìn dáadáa. Kámẹ́rà tó bá sún mọ́ni jù, imú ló máa ń sọ di ńlá. Ẹni tó bá ti fi fóònù ya ara rẹ̀ rí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ti màmá mi ni iṣẹ́ wà. Wọ́n jókòó gan-an-gan bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ìwé ìrìnnà, ẹnu wọn pa dé. Ó pa gbogbo iná sítúdíò, ó gbé àga sún mọ́ wíńdò, ó sì gbé pákó funfun kan dúró lódìkejì kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjú sí wíńdò díẹ̀." Igun mẹ́ta ìmọ́lẹ̀ kékeré kan yọ lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn tó wà níbi òjìji. Rembrandt, ayàwòrán ayé àtijọ́ nì, ni wọ́n fi sọ irú ìmọ́lẹ̀ yẹn lórúkọ. Síbẹ̀ ojú wọn ò tú ká. Ló bá béèrè pé, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ rán aṣọ tí bùrọ̀dá wọ̀ yìí?" Wọ́n fa ọwọ́ aṣọ mi, wọ́n yí etí rẹ̀ síta, wọ́n wo ojú rírán rẹ̀, wọ́n pòṣé: "Èmi kẹ̀? Ta ló rán ìránkúràn yìí?" Ibẹ̀ ló ti yà á. Ìka wọn ṣì wà létí aṣọ náà, ẹ̀rín sì ń bọ̀ lẹ́nu mi. Iṣẹ́ tí wọ́n ní kò ní í débẹ̀ ti débẹ̀.

Ibi tí kò ti tẹ́ mi lọ́rùn ni àtúnṣe tó ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ojú màmá mi ń dán jọ̀lọ̀ bí ẹyin, àpá kékeré tó wà lókè ojú wọn, tí mo bá lójú wọn láti kékeré, ti pòórá. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Àbúrò mi rèé." Ìdáhùn onífọ́tò ni pé tóun ò bá nù ún, ọ̀pọ̀ oníbàárà á bínú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó yẹ kó béèrè. Irorẹ́ á lọ láìpẹ́, kò burú tó bá nù ún. Àpá ò lọ síbì kan. Ó dá a padà láìgba owó sí i, ṣùgbọ́n ó fi wá sílẹ̀ ká máa retí.

Àdéhùn tá a kọ sílẹ̀ dáa. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, onífọ́tò ló ṣì ni ẹ̀tọ́ lórí fọ́tò tó yà, àfi tó bá kọ ọ́ fúnni, nítorí náà mo ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò ní í gbé fọ́tò màmá mi síta láìgba àṣẹ wọn. Ojúlówó fọ́tò ló sì fi ránṣẹ́ pẹ̀lú líǹkì, torí pé WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ di kékeré. Téèyàn bá fẹ́ tẹ fọ́tò tó fẹ̀ tó ínǹṣì 8, tó sì gùn tó ínǹṣì 10, kó mọ́lẹ̀ kedere, ó yẹ kó tó píkísẹ́ẹ̀lì (àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di fọ́tò) 2400 ní fífẹ̀ àti 3000 ní gígùn.

Tó bá jẹ́ fọ́tò iṣẹ́ nìkan lẹ fẹ́, onífọ́tò tó fara balẹ̀ èyíkéyìí lè yà á. Kì í ṣe dandan kẹ́ ẹ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ní àgbàlagbà tí kò fẹ́ràn kámẹ́rà nílé ni mo máa júwe rẹ̀ fún. Kí onítọ̀hún ṣáà sọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn lójú wọn ṣáájú, kó sì jẹ́ kó kọ ọjọ́ tó máa kó fọ́tò sílẹ̀ sínú àdéhùn, torí pé ó máa ń falẹ̀.