Elvington: Bàlúù tí Wọ́n Jí Dìde Láti Inú Ilé Adìẹ

Bí ẹ bá ń gbé ní agbègbè Leeds tàbí York nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àgbàlagbà kan sì wá kí yín láti ilé, ẹ mú un lọ sí Yorkshire Air Museum, ilé àkójọ bàlúù àtijọ́ tó wà ní Elvington. Bàbá mi ni mo mú lọ níbẹ̀ ní oṣù karùn-ún. Iṣẹ́ páńẹ̀lì-bítà ni wọ́n ṣe jẹun ní Abẹ́òkúta, mo sì ti mọ̀ pé páànù ni ojú wọn yóò kọ́kọ́ lọ sí.

Pápákọ̀ òfurufú àwọn ológun ni Elvington nígbà Ogun Hítílà. Láti ọdún 1942 ni bàlúù ti ń gbé bọ́ǹbù kúrò níbẹ̀ lóru. Nígbà tó di 1944, àwọn ará Faransé ló wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ ológun òfurufú 346 àti 347. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò padà wálé. Ilé tí wọ́n ti ń darí bàlúù ṣì wà ní ìdúró, ẹ gun òkè rẹ̀, kí ẹ wo pápá látibẹ̀.

Ṣùgbọ́n Halifax gan-an, bàlúù tó ń ju bọ́ǹbù nígbà ogun náà, ni kí ẹ torí rẹ̀ lọ. Ó ga fíofío, ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló ní. Bàbá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkùn rẹ̀, wọ́n ń tọ ìlà rífẹ́tì, ìṣó tí wọ́n fi lẹ páànù pọ̀, lójú, ọ̀kọ̀ọ̀kan. “Àbẹ̀kẹ́, bi wọ́n, ta ló lẹ èyí pọ̀?” Baba òyìnbó kan tó ń fi nǹkan han àlejò gbọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó fún wa. Lẹ́yìn ogun, wọ́n ti fọ́ Halifax fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Apá kan ara èyí, ní erékùṣù Lewis ní Scotland ni wọ́n ti rí i, àgbẹ̀ kan ń sin adìẹ nínú rẹ̀. Wọ́n mú ìyẹ́ apá lára bàlúù Hastings, wọ́n rí ẹ́ńjìnnì ní Faransé, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún tò ó pọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀, 13 oṣù kẹsàn-án 1996, ni wọ́n fà á jáde. “Friday the 13th” ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ Halifax mìíràn tó lọ sójú ogun ní ìgbà 128 tó sì ń padà bọ̀.

Bí mo ṣe ń túmọ̀, Bàbá ń mi orí. “Ilé adìẹ! Ẹni tó ṣe èyí, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.”

Ìgbà náà ni mo wá sọ ìdí tí mo fi mú wọn wá. Nínú Halifax ni ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa kan, Akin Shenbanjo, ti ja ogun yẹn. Ẹgbẹ́ ológun òfurufú 76 ló wà, ní Holme-on-Spalding Moor, nítòsí Elvington. Òun ló wà nídìí rédíò. Nítorí rẹ̀ ni àwọn tí wọ́n jọ ń fò ṣe kọ “Achtung! The Black Prince” (Ẹ ṣọ́ra! Ọmọ ọba dúdú) sára bàlúù wọn, ó sì gba DFC, àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún akíkanjú ológun òfurufú. Bàbá ní kí n béèrè ibi tí onírédíò máa ń jókòó. Baba òyìnbó náà nawọ́ sí iwájú, nísàlẹ̀ ìjókòó awakọ̀. Àyè ibẹ̀ há. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó títí, wọ́n ṣí fìlà.

Ẹ mú aṣọ òtútù dání o, atẹ́gùn pápá yẹn kò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn ti dé. Ẹ fi wákàtí mẹ́ta sílẹ̀, ó kéré tán. Bí ẹ bá gba takisí láti York, ẹ bá awakọ̀ sọ àdéhùn ìpadàbọ̀ kí ó tó lọ; tiwa pẹ́ gan-an kó tó dé.

Ní ilé oúnjẹ ibẹ̀, tíì Bàbá tutù síwájú wọn. Wọ́n ti gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n ń ya imú bàlúù náà sórí tíṣù, wọ́n ń fi hàn mí ibi tí àwọn ìbá ti ká páànù náà.