Dulwich Picture Gallery: Òkè ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé

Ẹni tó bá ń gbé Peckham ní London kò ní àwíjàre tí kò bá tíì lọ wo àwòrán ní Dulwich Picture Gallery. Bọ́ọ̀sì 37 ń gba North Dulwich kọjá, èèyàn á sì fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ débẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa tá a jọ ń ra ẹ̀fọ́ ní Rye Lane ni kò mọ̀ pé iṣẹ́ Rembrandt àti Rubens, àwọn ayàwòrán ńlá ayé àtijọ́, ń bẹ nítòsí wọn.

Ilé náà gan-an ló gbà mí lọ́kàn ju àwòrán lọ. John Soane ló ṣètò kíkọ́ rẹ̀, ọdún 1817 ni wọ́n sì ṣí i fún ará ìlú. Nínú yàrá ńláńlá tí wọ́n gbé àwòrán kọ́ sí, òrùlé ni Soane gbé fèrèsé lọ. Ìmọ́lẹ̀ á gba inú gíláàsì òkè wọlé, á kọ́kọ́ bá ara àjà, kó tó rọra sọ̀ sórí ògiri. Èyí mú kí gbogbo ògiri ṣẹ́ kù fún àwòrán, oòrùn ò sì ráyè ta sójú ọ̀dà.

Àwọn ayàwòrán Baroque, ìyẹn àwọn ará Yúróòpù bíi Rembrandt ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ló nílò irú ètò bẹ́ẹ̀ jù, torí àwọn fúnra wọn ti kó òkùnkùn sínú iṣẹ́ wọn: wọ́n á fi dúdú bo gbogbo ẹ̀yìn, wọ́n á wá jẹ́ kí iwájú orí kan tàbí ọwọ́ kan yọ. Bí iná bá ti ibi tí kò yẹ wá, ó parí. Mo ti wọ gálárì kan nílùú mìíràn tí wọ́n ti tan iná gbòò síwájú àwòrán. Fánííṣì, ohun dídán tí wọ́n fi ń bo ojú àwòrán, ń kọ mànà sí mi lójú, mo tẹ ọrùn sọ́tùn-ún sósì kí n tó rí imú ẹni tí wọ́n yà! Ní Dulwich, èèyàn á dúró síbi tó bá wù ú ni. Ògiri wọn pupa, pupa tó ki, férémù aláwọ̀ wúrà sì jókòó sára rẹ̀ dáadáa.

Ẹ wo ọmọbìnrin tí Rembrandt yà ní 1645. Ó fara ti òkúta ojú fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ kan wà níbi ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ ó rí ibi tí ọ̀dà ti ki lára aṣọ funfun rẹ̀. Ẹ tún wá ọmọkùnrin mẹ́ta tí Murillo yà ní Seville, ní ilẹ̀ Spain. Ọmọ aláwọ̀ dúdú kan nínú wọn gbé ìkòkò omi, ó nawọ́ pé kí wọ́n fún òun nínú páì; ẹni tó ni páì ò fẹ́ gbọ́ rárá. Ibẹ̀ ni mo ti pẹ́ jù.

Ní 2019, nígbà tí Rembrandt pé 350 ọdún tó ti kú, Peter Suschitzky, tó máa ń ya fíìmù, ni wọ́n ní kó bá wọn ṣètò iná àfihàn tí wọ́n pè ní Rembrandt's Light. Ọgbọ́n gidi nìyẹn lójú tèmi: ẹni tó mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bá ojú èèyàn ṣe ni wọ́n gbéṣẹ́ fún.

Ohun tó ń ya òyìnbó lẹ́nu níbẹ̀ kò lè ya Yorùbá lẹ́nu: òkú wà nínú ilé. Noel Desenfans, Margaret ìyàwó rẹ̀ àti Francis Bourgeois ni wọ́n sin síbẹ̀. Ọba Poland ni Desenfans àti Bourgeois ń bá kó àwòrán jọ. Nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀ ọba náà mọ́ ọn lọ́wọ́ ní 1795, àwòrán náà kù sí wọn lọ́wọ́, òun ló sì di ìpìlẹ̀ gálárì yìí. Gíláàsì ibojì náà pọ́n bí oyin, ẹ ó sì rí i pé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti yàrá àwòrán tẹ́ ẹ ti ń bọ̀.

Wọ́n ń gbowó ìwọlé, kò dà bíi National Gallery tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Wọn kì í sábà ṣí lọ́jọ́ Ajé. Ẹ lọ láàárọ̀ ọjọ́ tí oòrùn bá yọ. Nígbà òtútù, kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, iná mànàmáná ló ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí Soane gbé fún òrùlé.