Sípíkà Jàpáànù àtijọ́: èyí tí wọ́n ṣe fún ara ilé àtèyí tí wọ́n kó lọ sókè òkun

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra sípíkà Jàpáànù tòkunbọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i padà kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ná an. Orúkọ tó wà níwájú yẹn, ẹni tó bá ní gọ́ọ̀mù lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí èyíkéyìí. Ẹ̀yìn àti inú ló ń sọ ibi tó ti wá.

Èyí tí wọ́n ṣe fún ara ilé, ìkọ̀wé Jàpáànù ló sábà máa ń wà lára lébẹ̀ẹ̀lì ẹ̀yìn ẹ̀. Èyí tó lọ sókè òkun, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ẹ̀, wọ́n á sì kọ Made in Japan sí i gàdàgbà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn nìkan ṣèdájọ́ o, torí àwọn ará Jàpáànù náà fẹ́ràn kí wọ́n máa kọ Gẹ̀ẹ́sì sára nǹkan. Orúkọ náà máa ràn yín lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe Victor àti JVC, nílé wọn Victor ni, tòun ti ajá tó ń gbọ́ giramafóònù, lókè òkun ó di JVC torí RCA, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, ló ni orúkọ Victor lọ́hùn-ún. Trio àti Kenwood náà bákan náà, àmọ́ Trio ni wọ́n ń tà ní ìlú ọba pẹ̀lú, torí náà tẹ́ ẹ bá rí Trio, ẹ ṣì máa wo lébẹ̀ẹ̀lì.

Tèmi, ti ara ilé ni mo fẹ́ràn jù, mi ò ní fi bò. Ní àárín àwọn ọdún 1980, iye kan ṣoṣo ni àwọn ilé iṣẹ́ wọn fi ń bára wọn jà, yen (owó Jàpáànù) 59,800 fún ẹyọ kan, Onkyo ń ṣe tiẹ̀, Diatone tó jẹ́ ti Mitsubishi Electric ń ṣe tiẹ̀, kálukú ń kó pákó àti mágínẹ́ẹ̀tì sí i ju ti ẹnìkejì lọ láìfi kọ́bọ̀ kún owó, wúfà ẹ̀, ojú ńlá tó ń gbé ohùn bẹ́ẹ̀sì, á tó 30 sẹ̀ǹtímítà, ẹ ò sì ní dá nìkan gbé ẹyọ kan kí ẹ̀yìn yín má sọ̀rọ̀. Ìgbà tí yen wá gbówó lórí lẹ́yìn àdéhùn Plaza ti 1985, tí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá márùn-ún fi fà dọ́là wálẹ̀, títa sókè òkun le fún wọn, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ lọ sáwọn orílẹ̀-èdè míì ní Éṣíà. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi lè rí orúkọ Jàpáànù gidi lára sípíkà tó jẹ́ pé ibòmíì ni wọ́n ti ṣe é. Kì í ṣe ayédèrú, ṣùgbọ́n ẹ má san owó èyí tí wọ́n ṣe ní Jàpáànù láyé 1970 sí i.

Ti òkè òkun tó rọrùn jù láti dá mọ̀ ni àwọn oníwindò pákó, Pioneer CS-99A, Sansui SP-2500 àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ, tí wọ́n gbẹ́ pákó wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ síwájú ẹ̀. Àwọn sójà Amẹ́ríkà tó jagun Vietnam ra irú ẹ̀ púpọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù bárékè, wọ́n fi ránṣẹ́ sílé, ìyẹn ló jẹ́ kó pọ̀ lọ́hùn-ún títí dòní. Ó rẹwà lójú, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ohùn akọrin dá ṣáká, Yamaha NS-1000M ti 1974 fi i sílẹ̀ jìnnà. Òun ni wọ́n fi irin beryllium ṣe ojú tuwítà ẹ̀, èyí tó ń gbé ohùn tínrín, àti ojú tó ń gbé ohùn àárín. Ẹ má fi ìka kàn án, tó bá ti tẹ̀, kò ṣeé tún ṣe, eruku irin yẹn sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Inú wá kàn. Mo ra méjì kan nígbà kan, ẹni tó tà á fún mi búra pé láti ọjọ́ tó ti kúrò ní Jàpáànù ẹnikẹ́ni ò ṣí i rí. Mo tú wúfà ti apá òsì, íńkì búlúù wà lẹ́yìn mágínẹ́ẹ̀tì, 54.8. Ọdún Showa nìyẹn, bí àwọn ará Jàpáànù ṣe ń ka ọdún látìgbà tí ọba wọn gorí oyè, ẹ fi 1925 kún un, 1979 ló bọ́ sí, oṣù kẹjọ. Mo tú ti apá ọ̀tún, kò sí íńkì kankan, gọ́ọ̀mù etí ẹ̀ ṣì funfun báláú, gbogbo orí screw ti jẹ. Owó méjì ni mo san, ẹyọ kan àtààbọ̀ ni mo gbé délé.

Screw yẹn gan-an, ẹ wò ó dáadáa. Èyí tó jẹ́ ti Jàpáànù sábà máa ń ní àmì tóótóó kan lórí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbélébùú ẹ̀, tí wọ́n bá fi screwdriver Amẹ́ríkà tú u, ó máa jẹ. Mágínẹ́ẹ̀tì náà ń sọ ọjọ́ orí: èyí tó ga bí agolo kékeré, alnico ló sábà máa ń jẹ́, ti àtijọ́ nìyẹn, èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí òrùka ńlá, ferrite ni. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Shaba, ní Zaire (Congo òde òní), ní 1978, irin cobalt tí wọ́n fi ń ṣe alnico di góòlù, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì pa alnico tì.

Tí àmúpù bá bá a wá láti Jàpáànù, 100V ni, iná 230V máa jó o. Sípíkà lásán ò ní wàhálà yẹn. Ẹ mú bátìrì 1.5V dání, ẹ fi kan ojú wáyà méjèèjì, pọ́sítíìfù sí pupa, ojú wúfà gbọ́dọ̀ yọ síta. Tí ti ọ̀kan bá wọlé, ẹnìkan ti tú u rí. Tí ẹni tó ń tà á ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ tú screw mẹ́rin péré, ẹ fi sípíkà ẹ̀ sílẹ̀ fún un.