Ìbọ̀sẹ̀ wúlù inú òkìríkà Àkúrẹ́: èyí tó yẹ ní rírà àti bí a ṣe ń dí ihò rẹ̀

Nínú òkìtì òkìríkà ní Ọjà Ọba, ìbọ̀sẹ̀ tó bá ṣáà ti nípọn ni wọ́n ń pè ní wúlù, ìyẹn irun àgùntàn. Irọ́ pọ̀ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń tà á fúnra rẹ̀ kì í sábà mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ ra ẹsẹ̀ méjì péré, ẹ fa fọ́nrán òwú kan yọ nínú rẹ̀, ẹ ṣáná sí i. Irun àgùntàn gidi máa ń rùn bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń wi. Bí ẹ bá gbé ìṣáná kúrò, iná á kú fúnra rẹ̀, eérú rẹ̀ á sì rún wẹ́wẹ́ bí ẹ bá fìka tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá yọ́ bí ike, tó sì dì ní kókó líle, acrylic tàbí náílọ́ọ̀nù ni. Èyí tó bá ń rùn bíi bébà tó ń jó, òwú lásán (cotton) ni. Bí eérú bá rún ṣùgbọ́n tí kókó kéékèèké wà nínú rẹ̀, àdàpọ̀ ni, àdàpọ̀ kò sì burú, ìdí rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ẹni tó bá ní kí la fẹ́ fi wúlù ṣe nínú ooru ìlú yìí, kó bi ọlọ́dẹ tó ń jókòó síta mọ́jú nígbà ọyẹ́, tàbí ọlọ́kadà tó ń gba ọ̀nà Ìdànrè kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn tó ń gun òkè Ìdànrè náà nílò rẹ̀. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ìbọ̀sẹ̀ òwú á sì ti rin gbindin kí wọ́n tó dé òkè. Òwú ń fa òógùn, kì í sì í tètè gbẹ, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń lé ròrò. Wúlù lè fa omi tó tó 30 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó mọ̀ pé ó tutù.

Tí ara rẹ̀ bá ní àkọlé, ẹ wá “wool”, “laine”, “Wolle” tàbí “lana”. Èdè ìlú tí béèlì náà ti wá ló yàtọ̀, ohun kan náà ni gbogbo wọn. Èyí tó dára jù fún bọ́ọ̀tù ni wúlù 70 sí 80 nínú 100, kí ìyókù jẹ́ náílọ́ọ̀nù. Wúlù lódindi kì í pẹ́ ní gìgísẹ̀. Merino, ìyẹn irun irú àgùntàn kan, kì í yún èèyàn lẹ́sẹ̀, àmọ́ torí pé irun rẹ̀ tín-ín-rín, ó máa ń tètè jẹ.

Ẹ ti ọwọ́ bọ inú ìbọ̀sẹ̀, ẹ gbé gìgísẹ̀ rẹ̀ sókè sí oòrùn. Bí ẹ bá rí àtẹ́lẹwọ́ yín kedere, wúlù ti jẹ tán níbẹ̀, egungun náílọ́ọ̀nù ló kù. Ẹ fa ọrùn rẹ̀: tó bá dún pápápá tí kò padà sípò, rọ́bà inú rẹ̀ ti kú, kò sì sí àtúnṣe. Èyí tó bá le gbagidi, tó kéré, tí kò ṣe é fà, ẹnìkan ti fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ rí. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìyá olókìríkà, ìbáà ṣe ọ̀fẹ́.

Ihò ò yẹ kó dẹ́rù bà yín, tí kò bá ti ju ìdérí ìgò mínírà lọ. Ẹ tilẹ̀ fi ná an wálẹ̀. Ohun tó ń ba àtúnṣe jẹ́ jù ni òwú tí wọ́n fi ṣe é. Òwú ẹ̀rọ ìránṣọ tín-ín-rín, ó sì le. Á máa gé wúlù bí òwú ṣe ń gé ẹyin sísè. Wúlù tí àwọn onídìrí ń lò kì í ṣe irun àgùntàn, acrylic ni. Ibi tí òwú irun àgùntàn gidi wà ni ìdí òkìtì kan náà, lára ìbọ̀sẹ̀ tí kò ní ìkejì. Owó kékeré ni wọ́n ń tà á. Ẹ gé ibi ọmọ ìka rẹ̀ kúrò, ẹ máa tú u lọ sókè, ẹ wé òwú náà mọ́ ìgò, ẹ rẹ ẹ́ lómi, kó gbẹ kó lè nà.

Ẹ wá abẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ fẹ̀, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ gbo òkúta kó má mú jù. Ẹ ki ọsàn tó le tàbí adó bọ inú ìbọ̀sẹ̀ títí dé abẹ́ ihò, láì fa ihò náà gbòòrò. Bí ẹ bá fà á, àtúnṣe á yọ ikùn tí ẹ bá yọ ọsàn kúrò. Òwú 60 sẹ̀ǹtímítà tó. Ẹ má ta kókó sídìí rẹ̀, kókó á gún ẹsẹ̀. Ẹ kàn jẹ́ kí ìrù rẹ̀ gùn díẹ̀, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ ti ìrù náà wọlé níkẹyìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ṣì lágbára, sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ sí etí ihò. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ létí ihò gan-an, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àtúnṣe rẹ̀ á já bọ́ lódindi. Ẹ máa lọ sókè, ẹ máa bọ̀ wálẹ̀, kí fọ́nrán kan sùn ti èkejì, títí ojú ihò á fi kún. Ẹ ti ta òwú náà nìyẹn, bí ahunṣọ òfì ṣe ń ta tirẹ̀. Abẹ́rẹ́ ló wá di ọ̀kọ̀ tó ń gbé òwú kọjá: ẹ gbé e gba orí ọ̀kan, abẹ́ ọ̀kan. Tí ẹ bá ń padà bọ̀, kí èyí tí ẹ gba orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan di èyí tí ẹ máa gba abẹ́ rẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti ń yí padà, ẹ má fa òwú tán. Ẹ ṣẹ́ ojóbó kékeré kù níbẹ̀, torí wúlù á sún kì tí ẹ bá fọ̀ ọ́. Àìṣe èyí ló ń mú kí ibi tí wọ́n tún ṣe wú kókó.

Télọ̀ tó bá fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ lórí á tètè parí, àmọ́ ojú ìrán rẹ̀ á ga, ẹsẹ̀ á sì bó níbẹ̀ nínú bọ́ọ̀tù. Kò yẹ ní sísan owó lé lórí.

Fífọ̀: omi tútù, ọṣẹ tí kò le, kò sí bílíìsì rárá (ó máa ń yọ́ wúlù ni), ẹ má fún un. Ẹ ká a mọ́ táwẹ́ẹ̀lì, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó gbẹ lábẹ́ ibòji. Ihò róbótó kéékèèké káàkiri ara rẹ̀ kì í ṣe ti bọ́ọ̀tù, kòkòrò ló jẹ ẹ́. Ẹ gbọn ìyẹn dáadáa lóòrùn, kí ẹ tó kó o mọ́ àwọn tó kù.

Nígbà tí àtúnṣe bá ti ń kan àtúnṣe ní gìgísẹ̀, ẹ gé e, ẹ tú u. Òwú tó wà lókè ṣì tó dí ihò mìíràn.