Ẹ̀kọ́ ìkọ̀wé olówó pọ́ọ́kú lórí íntánẹ́ẹ̀tì: àwọn tí mo ṣe, àti èyí tí ó wúlò jù fún mi

Nínú àwọn ẹ̀kọ́ olówó pọ́ọ́kú tí mo ti ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ìkọ̀wé àti iṣẹ́ olóòtú mi lè gún régé, èyí tí mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún ẹni tí ó bá bi mí ni Writing in the Sciences, tí Kristin Sainani ti Yunifásítì Stanford ń kọ́ni lórí Coursera, ìkànnì tí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí orúkọ rẹ̀ má ṣe lé ẹni tí kì í ṣe onísáyẹ́ǹsì sá, nítorí pé bí a ti ń yọ ọ̀rọ̀ tí kò wúlò kúrò nínú gbólóhùn, tí a sì ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀-ìṣe ru ẹrù tirẹ̀, ni apá àkọ́kọ́ rẹ̀ dá lé.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà ń ṣiṣẹ́ ní Yorùbá. Nínú ìjábọ̀ kan tí wọ́n ní kí n bá wọn tún ṣe, mo rí gbólóhùn yìí: “Ó ṣe pàtàkì kí a mẹ́nu bà á pé ìdí pàtàkì tí ó mú kí iṣẹ́ náà dáwọ́ dúró ni nítorí pé kò sí owó tí ó tó.” Ohun tí ó kù nígbà tí mo ṣe tán ni: “Iṣẹ́ náà dúró nítorí pé owó kò tó.” Kò sí ìtumọ̀ kankan tí ó sọnù.

Good with Words, tí Patrick Barry, olùkọ́ òfin ní Yunifásítì Michigan, ń kọ́ni lórí Coursera kan náà, pín sí apá mẹ́rin, ó sì dára fún ẹni tí ó fẹ́ mọ bí ipò ọ̀rọ̀ ṣe ń yí agbára gbólóhùn padà. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká owó rẹ̀ lè kọ̀wé béèrè ìrànwọ́ owó. Ní ti àmì ìkọ̀wé àti títọ́ka sí ìwé, Purdue OWL, ìyẹn ìkànnì ìkọ̀wé ti Yunifásítì Purdue, ti tó, ọ̀fẹ́ sì ni.

Àléébù ẹ̀kọ́ tí a ti gbà sílẹ̀ ni pé olùkọ́ kì í rí iṣẹ́ ẹni. Níbì kan tí mo ti forúkọ sílẹ̀, àwa akẹ́kọ̀ọ́ ni a ń yẹ iṣẹ́ ara wa wò, “ó dára” nìkan sì ni èsì tí mo gbà lórí àròkọ tí mo fara balẹ̀ kọ. Èyí dùn mí gidigidi, nítorí ìmọ̀ràn ni mo wá, kì í ṣe ìyìn.

Kíláàsì kékeré kan tí olóòtú tí ó gbọ́ Yorùbá ń darí ni ó wá yanjú rẹ̀. Orí Google Docs ni ó ti ń ka iṣẹ́ wa. Níbi tí mo ti kọ “wọ́n ti pinnu láti dá ètò náà dúró,” kò tún gbólóhùn náà kọ fún mi, ó kàn béèrè ní ẹ̀gbẹ́ ìwé pé, “Ta ni ‘wọ́n’?” Ìbéèrè yẹn mú mi padà lọ wádìí ẹni tí ó pa àṣẹ náà gan-an, ìpínrọ̀ náà sì di odindi.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó níbikíbi, ẹ béèrè iye ìgbà tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ yóò ka iṣẹ́ yín, kí ẹ sì ní kí ó fi ojú ìwé kan tí ó ti tún ṣe rí hàn yín, pẹ̀lú gbogbo àmì tí ó fi sí i.